Ẹ Má Fi Ọmọ Sísanra Yangàn

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, bí ọmọ bá sanra, a máa ń yin ìyá rẹ̀ pé ó mọ ọmọ tọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rá àpọ̀jù ní kékeré lè di ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lágbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 160 ọmọ ọdún 5 sí 19 ni ìsanrajù ń bá fínra lọ́dún 2022.

Oúnjẹ ìbílẹ̀ wa bí ìkọ́kọrẹ́ kò ṣẹ̀. Àmọ́ ọmọ á ti yó, á ti ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó tún ní kó jẹ ẹ́ tán. Ẹ yẹ àpò ilé ìwé rẹ̀ wò: bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò ló kún un. Nítorí ṣúgà inú irú ohun mímu bẹ́ẹ̀, lọ́dún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà ohun mímu aládùn kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ilé ni kó jọ yí padà. Ẹ fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀, kí ọmọ sì fi wákàtí kan sáré ṣeré lójúmọ́. Àtikékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.