Ta Ni Yóò Ka Òkú Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa)

Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí ayé fi máa ń sunkún òkú àwọn kan, tí kì í fi í sunkún òkú àwọn mìíràn. N kò ní pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù January ọdún 2015. Lọ́jọ́ 7 oṣù náà, àwọn oníbọn ya wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní Paris, wọ́n pa èèyàn 12. Kó tó di ọjọ́ 9, àwọn tó kú ní Paris àti agbègbè rẹ̀ ti di 17. Lọ́jọ́ 11, olórí orílẹ̀-èdè tó lé ní 40 kọ́wọ̀ọ́ rìn ní ìgboro Paris, èrò tó lé ní mílíọ̀nù kan sì jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Boko Haram wà ní Baga, ìlú àwọn apẹja létí adágún Chad ní ìpínlẹ̀ Borno. Ọjọ́ 3 ni wọ́n gba bárékè àwọn sójà, wọ́n wá ń pa ará ìlú kiri fún ọjọ́ mélòó kan. Èèyàn mélòó ló kú? Ìjọba ní 150. Amnesty International ní ó ṣeé ṣe kó tó 2,000. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn! Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè layé fi rí i pé ilé tó lé ní 3,700 ló bàjẹ́ ní Baga àti Doron Baga. Ilé ṣeé kà láti òkè. Èèyàn kò ṣeé kà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Paris kì í ṣe omi. Ó yẹ ká bá wọn kẹ́dùn. Àwọn oníròyìn pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà Baga sì léwu, kò sí oníròyìn tó lè débẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ààrẹ wa nígbà náà, Goodluck Jonathan, tètè bá Faransé kẹ́dùn. Ọjọ́ 15 ló tó dé Maiduguri. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é.

Àwa náà ńkọ́? Ṣebí a ní ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè Ọya ni? Ìgbà tó di ọjọ́ 5 oṣù June ọdún 2022, tí wọ́n pa nǹkan bí 40 èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, la tó mọ̀ pé òkè Ọya kò jìnnà.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún rè é. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé àkọsílẹ̀. Bí àgbàrá bá gbé èèyàn lọ, bí ọkọ̀ bá dànù, bí àwọn ajínigbé bá ṣọṣẹ́, kí ẹnì kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ, ọjọ́ orí, agboolé àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Kí akọ̀wé kó o jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹ̀yin ará ìdálẹ̀ fi ránṣẹ́ sáwọn oníròyìn àti àwọn aṣòfin ibi tí ẹ wà. Bí wọ́n bá bi wá pé èèyàn mélòó, ká má ṣe dáhùn pé "wọ́n pọ̀." Ta ló lè ṣèrànwọ́ fún "wọ́n pọ̀"?

Mo mọ̀ pé àgbà kan yóò ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kò bá ka èyí tó kú, ta ni yóò bá a kà á?

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ohun tí a ó kọ sínú ìwé náà.