Fóònù Àkọ́kọ́ àti Owó Dátà Oṣooṣù

Ní ọdún 2001 tí GSM dé Nàìjíríà, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni ó ń san, títí Glo fi gbé owó ìṣẹ́jú-àáyá dé ní 2003. Ìṣirò kò tíì kúrò lọ́rùn oníbàárà o: ní oṣù kìn-ín-ní 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fi tó ìdajì lé owó wọn.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń ra fóònù àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sáré. Tòkunbọ̀ kò burú, bí ó bá ti lè gba 4G. Kí ó tẹ *#06#. Kí òǹtajà kọ nọ́ńbà tí ó bá jáde sínú rìsíìtì, kí a má baà ká ẹrù olè mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ti síìmù, aládùúgbò ni kí ẹ bi, ẹ má bi ìpolówó. Èyí tí ó ń ké ketekete ní Mile 2 lè dákẹ́ nínú yàrá yín. *312# ni yóò fi iye owó dátà hàn yín. Dátà olóṣù kan tí ẹ kò bá lò tán lè bá oṣù lọ; ẹ máa fi *323# wo èyí tí ó kù.