TA NI YÓÒ KỌ́ ÀWỌN ỌMỌ WA?

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì bá wa sọ níbi ayẹyẹ ọdún 25 ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa)

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi nílé, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í dá rìn, ẹsẹ̀ tíṣà ló fi ń rìn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tíṣà ni mo bá wá: bí wọn ò ṣe tó mọ́, ìdí tí àwọn tó kù fi ń lọ, àti ohun tí àwa obìnrin ọjà lè ṣe sí i.

OHUN TÍ MO FOJÚ RÍ

Oṣù tó kọjá, mo yà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan tí kò jìnnà sí ọjà. Kíláàsì mẹ́fà, tíṣà mẹ́ta, ọ̀gá àgbà sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kó kíláàsì kẹta àti ìkẹrin sí yàrá kan ṣoṣo. Tíṣà wọn fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sáàárín pátákó, ó kọ ìṣirò sí apá ọ̀tún, ó kọ Yorùbá sí apá òsì. Àwọn ọmọ tí mo kà níbẹ̀ lé ní àádọ́rin. Bẹ́ẹ̀ ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọmọ 35 ni kí tíṣà kan máa kọ́. Mo bi ọmọ kékeré kan léèrè pé kí ló ń ṣe tó fi káwọ́ lérí. Ó ní, "Màmá, à ń dúró kí wọ́n parí tiwọn."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá yẹn gan-an, ilé tuntun wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ń dán, kọ́kọ́rọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ nínú rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni ilé ṣe wà tí tíṣà ò sí? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹ mọ ìṣirò owó jù mí lọ. Òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé, UBE, ti ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ, ó kéré tán, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sí àpò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé owó kalẹ̀ pẹ̀lú. Owó yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ kíláàsì, tí wọ́n fi ń ra ìwé, tí wọ́n sì fi ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ sí i. Kì í ṣe owó oṣù. Inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde. Ilé, ẹ̀ẹ̀kan la ń kọ́ ọ, wọ́n á gé rìbọ́n, wọ́n á ya fọ́tò. Tíṣà, oṣooṣù la ń san án, kò sì ní rìbọ́n. Ìdí nìyẹn tí márùn-ún fi lè fẹ̀yìn tì, tí wọn ò ní gba ẹyọ kan rọ́pò.

KÌ Í ṢE ÒNÍ LÓ BẸ̀RẸ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Láti 1952 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Olóyè Awókọ̀yà, ti gbé àbá náà kalẹ̀, tí wọ́n sì ń dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Síbẹ̀, ọmọ tí kò tó 460,000 ní 1954 di ohun tó lé ní 800,000 lọ́dún kejì rẹ̀. Àwọn tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi dí àlàfo. Nígbà tó tún di oṣù kẹsàn-án 1976, tí ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ti gbogbo Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni èmi wà. Wọ́n ń sáré kọ́ wa bí ẹni ń sáré ká aṣọ nígbà tójò ṣú. Mo jáde ní 1978, mo sì fẹ̀yìn tì ní 2013.

Ẹ ẹ̀ rí i pé gbogbo ìgbà tí a bá ṣílẹ̀kùn fún ọmọ, tíṣà ló máa ń wọ́n.

KÓŃGÒ GÀRÍ

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní 1991, wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá. Níbi tí mo wà, owó oṣù di "ẹ máa bọ̀ lọ́la". Oṣù kan, oṣù méjì, títí ó fi di mẹ́rin. Ẹnì kan nínú wa lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ẹnì kan gba Èkó lọ. Èmi náà ti di àpótí mi.

Ìyá kan wà nínú ọjà yìí tó ń ta gàrí. Ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, ẹ gbé gàrí. Ọjọ́ tí wọ́n bá san án, ẹ ó san." Mo ń gbé e láwìn, ó ń fi èédú fa ìlà sára pákó ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí owó dé, mo lọ san án. Ó ka ìlà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi àkísà tútù nù ún, ó ní, "Ó tán. Ẹ lọ kọ́ ọmọ mi." Màmá yẹn ti lọ sinmi. Ọmọ rẹ̀ jókòó láàárín yín níbí lónìí, nọ́ọ̀sì ni.

Mi ò sọ pé kí gàrí rọ́pò owó oṣù o. Gbèsè ìjọba ni owó oṣù. Mò ń sọ pé ìlú tó bá fẹ́ kí tíṣà dúró, ó máa ń hàn lára ìlú náà.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń LỌ

Owó ni àkọ́kọ́. Lóòótọ́, ní oṣù keje 2024, wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ̀ ń ta ìrẹsì, ẹ mọ iye tí àpò kan jẹ́. Ìkejì, wọ́n á gbé ọmọge kan lọ sí abúlé tí kò ti ní ibùgbé; kí ọdún tó yí po, á ti wá lẹ́tà kúrò níbẹ̀. Ìkẹta, òkè òkun. Láti oṣù kejì 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ọ̀nà fún olùkọ́ láti Nàìjíríà láti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ tíṣà wọn. Àwọn tó mọ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì dáadáa ni wọ́n ń wá jù.

Ìjọba ò ṣàìṣe nǹkan kan. Ètò N-Power ti 2016 kó àwọn ọ̀dọ́ wá sí kíláàsì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún méjì ni. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ wọn, wọ́n ti lọ. Òfin 2022 sọ pé tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65, tàbí fún 40 ọdún. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó ń dá àgbà dúró ni, kò mú ọ̀dọ́ wá.

Wọ́n á ní èrè tíṣà ń bẹ lọ́run. Ẹ̀yin mẹ́ńbà, ta ni nínú yín ló fẹ́ kí akápò san àjọ òun lọ́run?

ÀBÁ MI

Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ fẹ́ fi owó ayẹyẹ yìí kọ́ kíláàsì kan fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára. Ẹ má bínú sí mi o, ọmọ yín ni mo jẹ́. Ilé ò wọ́n wọn, ènìyàn ló wọ́n wọn. Ẹ jẹ́ kí a tún yàrá méjì tàbí mẹ́ta ṣe fún tíṣà tí wọ́n bá gbé wá, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ láìsan owó ilé lọ́dún àkọ́kọ́.

Èkejì, ẹ gba tíṣà sínú ẹgbẹ́, kí wọ́n máa dá owó, kí wọ́n máa yá owó bíi tiwa. Ẹni tó ní owó nínú ẹgbẹ́ kì í tètè sá.

Ẹ̀kẹta, kí a ka iye ọmọ àti iye tíṣà ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a gbé e lọ bá akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti SUBEB. Tí àwọn òbí bá ń dáwó san tíṣà kan ní báyìí, kí ìwé yẹn máa lọ síbẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé a ti gbà á lọ́rùn wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí etí wa wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, ti ké pé kí wọ́n dáàbò bo owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo rí 1991, mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Kí a bi káńsẹ́lọ̀ wa léèrè ṣáájú, ká má dúró dìgbà tí tíṣà bá di àpótí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ yé gbàdúrà pé kí ọmọ yín má ṣe tíṣà. Ẹni tí ò fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ni, ta ló fẹ́ kó kọ́ ọmọ tirẹ̀?

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.