Igbó Adirondack Nígbà Òtútù àti Nígbà Ooru

Ọ̀rọ̀ igbó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ igbó, oko ni ó máa ń wá sí ọkàn ẹlòmíràn, tàbí ọdẹ, tàbí ìtàn iwin. Igbó tí mo ń wí yìí yàtọ̀. Àwọn ènìyàn ń wọ̀ ọ́ kí ara wọn lè balẹ̀ ni. Wọ́n ń rìn nínú rẹ̀, wọ́n ń gun òkè rẹ̀, wọ́n ń tukọ̀ lórí omi rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sílé. Adirondack ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ má ṣe rò pé ìlú New York, níbi tí ilé gíga gíga wà, ni mo wí o. Ìlú ńlá náà wà ní ìsàlẹ̀, létí òkun. Igbó yìí wà lókè, ní ìhà àríwá, ní ìtòsí Kánádà. Ilẹ̀ rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́fà éékà. Adágún omi inú rẹ̀, ńlá àti kékeré, ju 3,000 lọ. Òkè tó ga jù níbẹ̀ ni Marcy. Gíga rẹ̀ jẹ́ 5,344 ẹsẹ̀ bàtà. Wọn kò ṣe ọgbà yí igbó náà ká, kò sì sí géètì ńlá tí a ti ń gba owó ìwọlé. Àwọn ìlú kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn ń gbé, tí wọ́n ti ń ṣòwò. Ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba dín díẹ̀ ní ìdajì. Ìyókù jẹ́ ti àwọn onílẹ̀.

Báwo ni igbó tó tóbi tó báyìí ṣe ṣẹ́kù? Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn agégẹdú ya wọ ibẹ̀. Wọ́n ń gé igi, wọ́n ń tì í sínú odò, odò á sì gbé e lọ sí ilé ìlagi. Ibi tí wọ́n bá gé tán, iná a máa jó o. Ọkùnrin kan wà tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba, Verplanck Colvin ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1872, ó dé adágún kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè Marcy, ó sì rí i pé láti ibẹ̀ ni omi odò Hudson ti ń sàn wá. Odò Hudson yìí kan náà ni ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú New York, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé ọjà gbà. Colvin kìlọ̀ fún ìjọba pé bí igbó bá tán lórí òkè, omi ìsàlẹ̀ kò ní pẹ́ẹ́ gbẹ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Ní 1885 wọ́n ṣe òfin pé ilẹ̀ igbó tó jẹ́ ti ìjọba gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀. Ní 1892 wọ́n pààlà sí Adirondack. Ní 1894 wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé òfin tó ju gbogbo òfin ìpínlẹ̀ náà lọ pé a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, a kò sì gbọdọ̀ gé gẹdú orí rẹ̀, títí láé. Gómìnà kan kò lè jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó ní òun fẹ́ fún ọ̀rẹ́ òun ní díẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yí i padà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjì tó tẹ̀ lé ara wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà gbogbo ìlú á dìbò. Ní 1959, tí wọ́n fẹ́ la títì ńlá gba ibẹ̀, bí 300 éékà péré ni wọ́n nílò nínú ilẹ̀ náà. Síbẹ̀ wọ́n ní láti kọ́kọ́ bi àwọn olùdìbò. Ẹ ò rí nǹkan! Èyí ni ó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn igbó náà.

Àwọn aláwọ̀ dúdú náà ní ìtàn níbẹ̀. Nígbà náà lọ́hùn-ún, òfin New York sọ pé ọkùnrin dúdú kò lè dìbò àfi bí ó bá ní ilẹ̀ tàbí ilé tí iye rẹ̀ tó 250 dọ́là. Wọn kò béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. Ní 1846, olówó kan tí ń jẹ́ Gerrit Smith, ẹni tó kórìíra òwò ẹrú, bẹ̀rẹ̀ sí í pín 120,000 éékà ilẹ̀ rẹ̀ fún 3,000 aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n lè ní ilẹ̀, kí wọ́n sì lè dìbò. Ní Adirondack ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà wà. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ le, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ọ̀pọ̀ kò lè dé ibẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ tó sì dé ibẹ̀ kò pẹ́ tí wọ́n fi kúrò. Ṣùgbọ́n ìdílé Lyman Epps dúró ní tiwọn, wọ́n dáko. Ní ìtòsí wọn ni oko John Brown wà, òyìnbó tó gbé ìbọn nítorí àwọn ẹrú, tí wọ́n sì so kọ́ ní 1859. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ìjọba ló ń tọ́jú oko náà lónìí, ẹnikẹ́ni sì lè lọ síbẹ̀ láti rìn kiri.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ igbó náà. Nígbà òtútù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó ṣe àjèjì sí wa jù. Ọyẹ́ tiwa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù yẹn. Òjò dídì á bo ilẹ̀, ó lè mu ènìyàn dé ìbàdí. Adágún á dì, á le bí àpáta. Àwọn ènìyàn á wá lu ihò sí i, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa fi ìwọ̀ pẹja. Àwọn mìíràn á de pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa yọ̀ lórí òjò dídì. Ìlú Lake Placid, tó wà nínú igbó náà, ti gba àlejò ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù lẹ́ẹ̀mejì, ní 1932 àti ní 1980. Ní Saranac Lake, lóṣù kejì ọdún, wọ́n máa ń la yìnyín adágún bí ẹní la búlọ́ọ̀kù, wọ́n á fi kọ́ ààfin. Ó dìgbà tí oòrùn bá mú kí ààfin náà tó yọ́.

Yìnyín ní òfin tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ dín ní ínṣì mẹ́rin kí ẹnì kan ṣoṣo tó fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, ó sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó le dáadáa. Lórí àwọn òkè gíga, bí òjò dídì bá ti ju ínṣì mẹ́jọ lọ, òfin ní kí olúkúlùkù wọ bàtà fífẹ̀ kan tó rí bí asẹ́, tàbí pákó tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wọ bàtà lásán á máa rì, ihò tó bá sì fi sílẹ̀ lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n òtútù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Òtútù kì í pariwo. Ara ènìyàn á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè di bọ́tìnì mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa wọ́ bí ti ọ̀mùtí, á sì máa bínú sí ẹni tó bá ní kí ó dúró. Bí ó bá wá dẹ́kun gbígbọ̀n, tó ní ara òun ti yá, ikú ti sún mọ́ ọn. Ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ gbé e kúrò nínú afẹ́fẹ́, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ wọ gbígbẹ fún un, ẹ wá aṣọ bò ó títí dé orí. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ohun mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì ní ṣúgà. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní ọtí. Ọtí á mú kí ó rò pé ara òun gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ooru ara rẹ̀ ń jáde lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan sáré wá ìrànlọ́wọ́. Aṣọ òwú tí a fẹ́ràn yìí kò dára níbẹ̀ rárá: bí òógùn tàbí omi bá ti rin ín, òun gan-an ni yóò máa fa ooru jáde lára. Aṣọ onírun àgùntàn ni ó dára, ẹ sì wọ̀ ọ́ ní ìpele ìpele, kí ẹ lè bọ́ ọ̀kan kí òógùn tó bò yín.

Ẹ ó sì gbọ́ pé òtútù yìí kan náà ni àwọn aláìsàn ń wá nígbà kan. Dókítà Edward Trudeau ní ikọ́ ife, ó lọ sí Adirondack ní 1873, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ní 1884 ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Saranac Lake. Wọ́n á tẹ́ aláìsàn sí ìta gbangba nínú òtútù, wọ́n á fi kúbùsù bò ó. Nígbà tí oògùn ikọ́ ife gidi dé, ilé ìtọ́jú náà kò nílò láti ṣí mọ́. Wọ́n tì í ní 1954.

Lóṣù kẹta, òjò dídì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Wọ́n á dá igi kan tí ń jẹ́ mápù lu, omi dídùn á máa ro láti ara rẹ̀, bí ẹmu ti ń ro fún wa. Bí wọ́n bá se gálọ́ọ̀nù 40 omi náà, gálọ́ọ̀nù kan oyin rẹ̀ ni wọ́n á rí. Lẹ́yìn náà ẹrọ̀fọ̀ dé. Ìjọba máa ń bẹ àwọn ènìyàn nígbà náà pé kí wọ́n má gun òkè gíga, nítorí ẹsẹ̀ wọn ń ba ọ̀nà jẹ́. Lóṣù karùn-ún, kòkòrò kékeré dúdú kan á jáde tí ń bunijẹ. N kò ní í sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá lè dúró sílé títí oṣù kẹfà yóò fi ń parí lọ, kí ó dúró.

Nígbà ooru, omi ni gbogbo ayé ń lọ. Láti Old Forge dé Saranac Lake, ènìyàn lè fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rin 90 máìlì láti adágún dé adágún. Níbi tí omi bá ti já, á gbé ọkọ̀ lé èjìká, á fi ẹsẹ̀ rìn dé omi mìíràn. Béárì wà nínú igbó náà, oúnjẹ ni ó sì ń wá. Ní apá ìlà oòrùn àwọn òkè gíga, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kọkànlá, ẹni tó bá sùn mọ́jú gbọ́dọ̀ kó oúnjẹ sínú agolo líle tí béárì kò lè ṣí. Nígbà tí ooru bá sì kásẹ̀ nílẹ̀, ewé igi á di pupa, á di yẹ́lò, títí á fi wọ́. Èrò máa ń pọ̀ nígbà yẹn. Ìgbà ọdẹ náà ni, nítorí náà ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ yòò, bí àwọ̀ ọsàn.

Èyí tó kù kàn yín gan-an, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé. Ẹlòmíràn nínú yín ní ọmọ ní New York. Ó lè ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.” Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti wọ igbó, ẹ ó sábà rí àpótí kan lórí òpó. Ẹ ṣí i. Ìwé ńlá wà nínú rẹ̀, àti pẹ́ńsù. Ẹ kọ orúkọ yín, iye ẹni tó bá yín wá, ibi tí ẹ ń lọ, àti ìgbà tí ẹ ó padà. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹnì kan kò dé ilé, ìwé yẹn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó á kọ́kọ́ wò. Bí ó bá kọ Marcy, Marcy ni wọ́n á gbà lọ. Bí kò bá kọ nǹkan kan, ibo ni wọ́n fẹ́ wá a gbà nínú mílíọ̀nù mẹ́fà éékà? Fóònù kò sì gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Bí ẹ bá kọ ibì kan, ẹ má ṣe yà sí ibòmíràn. Bí ẹ bá jáde, ẹ tún kọ ọ́ pé ẹ ti jáde, kí wọ́n má baà wá ẹni tó ti ń sùn nílé rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín, pákó wà tí a kọ orúkọ ibẹ̀ sí, àti iye máìlì. Ẹ kà á sókè kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́. Ara igi náà ní àwo kékeré pupa, tàbí búlúù, tàbí yẹ́lò. Àwọ̀ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, títí pákó yóò fi sọ òmíràn fún yín.

Àwọn kan ń gun òkè 46 níbẹ̀, wọ́n ní gbogbo wọn ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Robert Marshall, George àbúrò rẹ̀, àti Herbert Clark afọ̀nàhàn wọn ni ó kọ́kọ́ parí gbogbo rẹ̀, ní 1925. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n, mẹ́rin nínú wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò yọ wọ́n kúrò. Àṣà ti borí ìwọ̀n!

Ohun kan wà tí òfin 1894 kò lè ṣe. Èéfín èédú láti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní ìpínlẹ̀ mìíràn ń bá afẹ́fẹ́ wá, ó ń bá òjò rọ̀, ó sì sọ omi di kíkan. Ẹja kú tán nínú ọ̀pọ̀ adágún. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni ó ṣe òfin ní 1990 láti dín èéfín náà kù, ẹja sì ti ń padà sínú àwọn kan. Ní báyìí ayé ń móoru sí i, yìnyín ń pẹ́ kí ó tó dì, ó sì ń tètè yọ́. Nítorí náà, ẹni tó fi ìgbà tí bàbá rẹ̀ máa ń rìn lórí adágún ṣe ìwọ̀n lè rì sómi. Kí ó lu ihò, kí ó fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ó tó gùn ún.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó na ọwọ́ sókè.