Òrùlé Kọnkéré Tí A Ń Jókòó Lé

Òrùlé kọnkéré tí a ń sá èlùbọ́ lé lọ́sàn-án, tí a sì ń gba atẹ́gùn lórí rẹ̀ lálẹ́, ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá dá ró síbẹ̀, yóò ba ibi tó lanu wọlé, yóò mú irin inú rẹ̀ dípẹtà. Irin tó dípẹtà a máa wú, a sì máa fọ́ kọnkéré lé àwọn tó sùn nísàlẹ̀ lórí.

Nítorí náà, kí bíríkìlà jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ síhà ojú ihò omi, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kì í gba omi bò ó, kí ọ̀dà náà sì gun ògiri etí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Kí ẹ tó tẹ́ táìsì, ẹ dí ihò náà, kí omi díẹ̀ dúró lé e fún wákàtí 24. Bí ìsàlẹ̀ bá gbẹ, iṣẹ́ pé.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.