Ọjọ́ Mẹ́rin Lórí Òkè Kírìjì

Ẹ ní kí a wá ròyìn ìrìn tí àwa àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni méjìlélógún fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́rin, láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Erin-Ìjẹ̀ṣà, tí a sì sun òru mẹ́ta níta.

Ohun tí ó mú wa jáde nìyí. A bi àwọn ọmọ wa léèrè nípa ogun Kírìjì. Wọ́n mọ ọdún rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè tọ́ka sí ìhà tí a ti jà á. Ojú tì wá, nítorí àwa ni a kọ́ wọn.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni a ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886, lẹ́yìn ogun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1877, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun kò túká pátápátá títí di 1893. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàrín ibùdó méjèèjì. Nígbà tí àwọn ọmọ wa pariwo, tí òkè sì dá a padà, wọ́n mọ ìdí tí a fi fi ìró ìbọn sọ ogun náà lórúkọ.

Láti Òkè-Ìmẹ̀sí a dorí kọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a ń pàgọ́ sí etí odò kékeré kan, ni àgbẹ̀ arúgbó kan bá dúró. Ó ní, “Ẹ̀yin Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sùn síhìn-ín. Odò yìí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.” A dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, a wo àwòrán ilẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa, a sì sùn síbẹ̀.

Lóru, òjò rọ̀ lórí òkè, odò sì dé bá wa. Ó gbé oúnjẹ wa lọ. Níbi tí a ti ń sá, ẹsẹ̀ ọmọ kan yẹ̀. Àgbẹ̀ náà ni ó gbé àtùpà wá, tí ó kó wa lọ sí ahéré rẹ̀, tí ó sì sun iṣu fún wa. Kò bá wa wí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi koríko gbígbẹ tí ó há sí ara igi hàn wá, ó ga tó orúnkún: àmì ibi tí omi ti dé tẹ́lẹ̀ rí. Ìwé wà nílẹ̀, àwa ọ̀mọ̀wé ni kò lè kà á.

Àwọn ọmọ gba èkejì wọn pọ̀n ní ìpààrọ̀ dé Ẹ̀fọ̀n, níbi tí a ti tọ́jú rẹ̀. Àwọn yòókù bá wa dé ìsàlẹ̀ omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, tí ó ń já wálẹ̀ ní ìpele méje. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ igi tí àgbẹ̀ náà kọ́ wọn ni wọ́n ń tún kà lójú ọ̀nà.

Bàbá ọmọ tí ó fẹsẹ̀ pa wà láàrín yín lónìí. Bàbá, lójú gbogbo ènìyàn, ẹ forí jì wá. Ọmọ yín ti ń rìn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà, tiwa ni.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ ọmọdé ni wá lójú odò yẹn. Ìdí nìyí tí a fi bẹ̀ yín, ẹ̀yin Ìjòyè: nígbà tí a bá tún jáde, kí ìlú kọ̀ọ̀kan fún wa ní àgbẹ̀ tàbí ọdẹ kan tí yóò ṣáájú. Àwa yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn, a ó sì mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́.