Yíyan Odì Láàrin Àwọn Ọmọ Wa

 

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni a fẹ́ bá yín sọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, gbogbo Nàìjíríà wo fídíò ibi tí wọ́n ti ń gbá ọmọbìnrin kan létí léraléra ní ilé-ìwé kan ní Gwarinpa, ní Àbújá níhìn-ín. Wọ́n ti ilé-ìwé náà pa fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbátí, ojú ń rí i. Ṣùgbọ́n ìyà mìíràn wà tí kò ní àpá. Àwọn ọmọ yóò gbìmọ̀ yan ẹnì kan lódì. Bí ó bá dé, wọn á dákẹ́. Bí ó bá jókòó, wọn á dìde. Wọn á tú àṣírí rẹ̀ ká, wọn á yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp.

Àwa tí a wá jẹun nílẹ̀ Gbagyi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. A fi ẹbí sílẹ̀ nílé. Ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lé níhìn-ín, kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ní àgbàlá kejì tí yóò sá tọ̀. Àwa òbí sì wà nísọ̀ títí di alẹ́. Bí a bá dé, a ó béèrè pé, "Ta ló nà ọ́?" Ọmọ á ní kò sí. Òótọ́ ló sọ. "Ta lẹ jọ ṣeré lónìí?" ni kí á béèrè. Ọmọ tí orí ń fọ́ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ.

Kí ìyá kankan má sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ bá ọmọ lágbájá ṣeré nítorí ìjà ọjà. Bí ọmọ wa bá sì jẹ́ aṣáájú àwọn tí ń yan odì, ẹ má rẹ́rìn-ín pé ó gbọ́n. Ẹ mú un lọ bẹ ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí olùkọ́ gbọ́.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹgbẹ́ tí a ń nawó fún lónìí, kí ọmọ kankan má ṣe dá wà nínú rẹ̀.